Bí Ìlú Òkè-Pòpórò Ṣe Pọn Ẹṣin

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀ gìdìgbà. Kò bà lé igi, kò bà lé òkè. Ó bà lé ẹ̀yìn ẹgbọrọ ẹṣin kan. Ẹṣin náà gbọn ara, àlọ́ mi já bọ́ gbì sáàárín ìlú Òkè-Pòpórò.

— Àlọ́, pẹ̀lẹ́ o!

Ó ní kí n kí yín. Ní ìlú Òkè-Pòpórò yìí, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gé koríko fún àwọn ẹṣin Ọba. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹṣin kankan kò sì gé e jẹ rí, àfi arúgbó ẹṣin kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ tán, tó rò pé etí Àwẹ̀ró ni ewé ẹ̀pà.

Lọ́dún kan, abo ẹṣin Ọba kú lórí ìkúnlẹ̀. Àwẹ̀ró gbé ọmọ tó fi sílẹ̀ sún mọ́ iná, ó fi wàrà ewúrẹ́ tọ́ ọ, ó sì sọ ọ́ ní Àdìgún. Àdìgún dàgbà, ó ga, ó dúdú bí kóró iṣin. Ṣùgbọ́n kò sí ọkùnrin kan nínú ìlú tó lè gùn ún. Bí ènìyàn bá ti gbé ẹsẹ̀ sókè, Àdìgún náà á gbé ìdí sókè. Fìrìì! Ẹni náà á kọjá lókè bí ẹyẹ. Gbàà! Inú ẹrẹ̀ ni á bá ara rẹ̀, àti Ọba pàápàá.

Àṣà ìlú náà sì ni pé lọ́jọ́ ọdún ìkórè, Ọba gbọ́dọ̀ gun ẹṣin tí wọ́n bí sínú ìlú. Àdìgún nìkan ló ṣẹ́ kù nínú àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀. Nígbà tí ọdún ku oṣù mẹ́ta, inú bí Ọba. Ó dìde láàárín àwọn ìjòyè, ó di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ mú.

Ó ní, "Mo fi ìlẹ̀kẹ̀ yìí búra. Bí n kò bá gun Àdìgún lójú gbogbo ìlú kí oòrùn ọjọ́ ọdún tó wọ̀, ọbẹ̀ ni a ó fi í sè."

"Kábíyèsí o!" ni gbogbo ìjòyè wí.

Àwẹ̀ró jáde síwájú Ọba. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Oṣù mẹ́ta tó wa. Ẹ máa wá sí ilé ẹṣin láràárọ̀. Ẹ fi ọwọ́ ara yín fún un lóúnjẹ, ẹ bá a sọ̀rọ̀, kó mọ òórùn yín. Ẹṣin kì í fẹ́ gbé ẹni tí kò mọ̀."

Ọ̀tún bú sẹ́rìn-ín. "Ọba wa! Kó máa lọ kí ẹṣin láàárọ̀? Ṣé kó dọ̀bálẹ̀ fún un pẹ̀lú ni?"

Ọba fún imú pọ̀. "Àwẹ̀ró, ìgbẹ́ ẹṣin pọ̀ jù níbẹ̀."

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Láwuyì ti sún síwájú. Láwuyì yìí, ọgbọ́n rẹ̀ máa ń pọ̀ níbi gbogbo tí iṣẹ́ bá ti ń bọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kékeré kan. Ọmọ tí wọn kò pọ̀n rí, ṣé ó lè mọ bí wọ́n ṣe ń pọnmọ?"

"Kò lè mọ̀ ọ́n."

"Ìyá Àdìgún ti kú. Ta ló wá pọn Àdìgún?"

Àwọn ìjòyè wo ara wọn lójú. Kò sẹ́ni tó pọ̀n ọ́n.

"Ẹ ò rí i!" Láwuyì fò dìde. "Ẹni tí a kò gbé rí, ẹ ní kó gbé Ọba! Ẹ jẹ́ kí ìlú pọ̀n ọ́n fún oṣù mẹ́ta. Tó bá jẹ̀gbádùn rẹ̀ tán, ojú á tì í, òun fúnra rẹ̀ ló máa bẹ̀ wá pé ká gun òun."

Ọba ní, "Èmi ńkọ́? Kí ni èmi máa ṣe?"

"Ẹ̀yin, Kábíyèsí? Ẹ jókòó."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ọba nínú kọjá àlà.

Ẹ̀yin ọmọ, mo bi yín o. Ẹṣin wo lẹ rí tí ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n?

— A ò rí i rí!

Ẹ ṣeun. Àwọn ìjòyè kò bi ara wọn.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin rán aṣọ òfì mẹ́rìndínlógún pọ̀, wọ́n fi ṣe ọ̀já. Ọkùnrin mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé Àdìgún sẹ́yìn, wọ́n gbá ọ̀já mọ́ ọn. Ọ̀kan di ìrù rẹ̀ mú kó má baà dà á láàmú. Láwuyì wá gun orí ẹṣin lókè téńté.

Wọ́n ní, "Láwuyì, kí lò ń wá níbẹ̀?"

Ó ní, "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣàlàyé fún un. Ẹ bá mi wá iṣu sísun àti ẹran ìgbẹ́ díẹ̀, àlàyé máa ń gbẹ ọ̀nà ọ̀fun." Ó gbé abẹ̀bẹ̀ sókè, ó ń fẹ́ ara rẹ̀ lẹ́lẹ́lẹ́, ó ń kọrin:

Ẹ pọn ẹṣin, ẹ má sọ̀ ọ́ —
— Kẹ̀tẹ́-n-kẹ̀tẹ̀!
Ẹni a ò pọ̀n rí kò mọ̀nyàn-án gbé —
— Kẹ̀tẹ́-n-kẹ̀tẹ̀!
Ẹ rọra gbé e, ẹ má mì mí —
— Kẹ̀tẹ́-n-kẹ̀tẹ̀!
Ẹran ń bẹ lẹ́nu, n ò fẹ́ kó há mi —
— Kẹ̀tẹ́-n-kẹ̀tẹ̀!

Agbo ilé kan lónìí, agbo ilé mìíràn lọ́la. Àdìgún ń jẹ, ó ń wúwo. Ọkùnrin mẹ́jọ di méjìlá, méjìlá di ogún. Koríko gba oko wọn. Nígbà tí oṣù kejì fi máa parí, gbogbo ọkùnrin Òkè-Pòpórò ló ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Bí àlejò bá wọ̀lú, á rò pé bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀ nìyẹn, òun náà á tẹ̀ ba.

Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn, Ògúnṣeyè, bi í pé, "Baálé mi, nínú ẹ̀yin àti ẹṣin, ta ló ń gun ta?"

Ògúnṣeyè ní, "Dákẹ́. Láwuyì ní ó kù díẹ̀ kí ojú tì í."

Ojú kò ti Àdìgún rárá. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló mọ̀. Kílẹ̀ tó mọ́, á ti lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé onílé, á gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, á máa retí. Ọkùnrin kan jáde kó wá run orín. Kó tó tutọ́, ẹṣin ti wà léjìká rẹ̀.

Àwẹ̀ró ń wò, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, torí ọjọ́ ń lọ, ó sì mọ ẹni tí wọ́n máa pa bí ẹ̀kọ́ yìí bá foríṣánpọ́n. Nírọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti sọ Àdìgún kalẹ̀, á mú un lọ sódò, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà gbàgbé ilẹ̀. Á gbé ìjánu sí i nímú kó gbóòórùn rẹ̀. Á ní, "Irin ni. Ó tutù díẹ̀." Bó bá sì fi sí i lẹ́nu, á tutù díẹ̀ lóòótọ́. Bó bá ní kò sí nǹkan nínú igbó, kò sí nǹkan. Lọ́jọ́ tí ejò wà níbẹ̀, ó ní, "Ejò ń bẹ níwájú, jẹ́ ká yà," wọ́n sì yà. Kò purọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé àpò òfìfo lé e lẹ́yìn, ó rọ ọkà díẹ̀ sí i, ó tún rọ díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, ó bọ́ àpò kúrò, òun fúnra rẹ̀ gùn ún. Àdìgún wo ẹ̀yìn, ó rí i pé Àwẹ̀ró ni, ó ń jẹ koríko rẹ̀ lọ. Àwẹ̀ró á máa kọrin sí i létí:

Àdìgún, ọwọ́ mi rèé —
— Rọra, rọra.
Kò sọ́bẹ níbẹ̀, kò sí pàṣán —
— Rọra, rọra.
Bí mo bá lódò ń bẹ, odò ń bẹ —
— Rọra, rọra.
Gbẹ́sẹ̀ kan o, n ó gbẹ́sẹ̀ kan —
— Rọra, rọra.

Ó sáré lọ bá Ọba. "Kábíyèsí, ó ti gbé mi! Ẹ̀yin ló kù tí kò mọ̀. Ẹ wá lẹ́ẹ̀kan péré."

Ọba ní, "Láwuyì ní kí n jókòó."

Ọjọ́ ọdún pé. Ìlú kún fọ́fọ́. Ọba jáde, ìlẹ̀kẹ̀ adé bò ó lójú, agbádá rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn àgbàlá. Wọ́n fa Àdìgún wá. Àdìgún wo Ọba láti ọrùn dé ìdí. Nínú gbogbo ẹ̀yìn tó ti rí ní ìlú náà, kò tíì rí èyí tó fẹ̀ tó báyìí. Inú rẹ̀ dùn. Ó fò, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé Ọba léjìká, gbọ̀ngbọ̀n, ó dúró kí wọ́n gbá ọ̀já.

"Yéè!" ni ìlú ké.

Ọba tẹ̀ ba lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yọ idà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé ẹṣin, orí Ọba ló máa wó lé.

Láwuyì ń ké láti òkèèrè pé, "Kábíyèsí, ẹ pọ̀n ọ́n lọ síwájú díẹ̀! Ó ti fẹ́ gbọ́n!"

Ọba dáhùn lábẹ́ ẹṣin. "Láwuyì... jẹ́ kí n... kọ́kọ́... dìde."

Àwẹ̀ró gba àárín èrò kọjá. Kò sáré, kò pariwo. Ó gbé ọwọ́ lé Àdìgún lọ́rùn, ó kọrin:

Àdìgún, ọwọ́ mi rèé —
— Rọra, rọra.
Ẹ̀yìn Ọba kọ́ nilẹ̀ rẹ —
— Rọra, rọra.
Gbẹ́sẹ̀ kan o, n ó gbẹ́sẹ̀ kan —
— Rọra, rọra.

Àdìgún na etí. Ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀. Ó sọ èkejì.

Ọ̀tún ní, "Kábíyèsí, ìbúra ńkọ́? Kí wọ́n gbé ìkòkò kaná?"

Àwẹ̀ró ní, "Oòrùn ṣì wà lókè! Ẹ ní kí oòrùn tó wọ̀. Kábíyèsí, ẹ wá sí ilé ẹṣin."

Ọba mí kanlẹ̀. "Ìgbẹ́ ẹṣin ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Kábíyèsí."

Àwọn mẹ́ta wọlé: Ọba, Àwẹ̀ró, àti ẹṣin. Bí Ọba bá sún mọ́ Àdìgún, Àdìgún á fà sẹ́yìn, torí ìlẹ̀kẹ̀ adé ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, kò sì sí ojú lẹ́yìn rẹ̀.

"Kò rójú yín," ni Àwẹ̀ró wí. "Ta ní í gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí kò rójú rẹ̀?" Òun fúnra rẹ̀ kọjú sí ògiri kí Ọba lè ṣí adé.

Ọba wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ṣí adé, ó gbé e sórí apẹ̀rẹ̀ mímọ́. Orí rẹ̀ pá kọrọbọtọ. Ó bu ọkà sọ́wọ́. Àdìgún sín, hàtíṣíì! Ọkà kún Ọba lójú. Ọba tún òmíràn bù.

"Àwẹ̀ró, kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ sọ òótọ́ fún un, Kábíyèsí."

Ọba kọjú sí ẹṣin náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àdìgún, ẹ̀rù rẹ ń bà mí. Láti ọjọ́ tí o ti jù mí sínú ẹrẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ ti ń bà mí."

Àdìgún sún mọ́ ọn, ó fi ahọ́n lá orí rẹ̀ tó pá, torí òógùn ibẹ̀ níyọ̀. Ọba rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n jọ ń rìn yí ilé ẹṣin ká, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, títí oòrùn fi bọ́ sórí ọ̀pẹ. Ìgbà náà ni Ọba gùn ún. Àdìgún wo ẹ̀yìn, ó mọ ẹni tó wà níbẹ̀, ó sì gbéra.

Inú Ọba dùn tó bẹ́ẹ̀ tó gbàgbé adé. Ẹṣin jáde sójúde. Èèwọ̀ sì ni kí ojú ará ìlú rí orí Ọba láìsí adé! Wúù! Gbogbo ìlú dojú délẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀, ẹṣin yí ojúde ká, ó padà wọlé. Oòrùn wọ̀. Ọba dé adé, ó fi ẹsẹ̀ rìn jáde.

Ọ̀tún gbọn eruku kúrò níwájú orí. "Kábíyèsí, ẹ ní lójú gbogbo ìlú. Ta ló rí i?"



Ògúnṣeyè ní, "Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin."

"Gbígbọ́ kọ́ ni rírí."

"Èmi rí ẹsẹ̀ Kábíyèsí lára ẹṣin!" ni Àwẹ̀ró wí.

"Ìwọ lo tọ́ ọ. A kì í gba ẹlẹ́rìí lẹ́nu ìyá. Ṣé kò sí ẹlòmíràn?" Alásè Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọ̀bẹ, ṣìrì, ṣìrì. Àwẹ̀ró di ọrùn Àdìgún mú.

Láwuyì rò ó pé oyè tí Ọba lè fi òun jẹ ń kọjá lọ. Ó fò síta. "Èmi rí i! Kábíyèsí, ẹ jókòó bí ẹni tí wọ́n bí sórí ẹṣin! Ẹ̀kọ́ mi ló sèso!"

Ọba ní, "Ó dá ọ lójú?"

"Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i! Oòrùn tilẹ̀ ń kọ mànà lórí yín tó p—"

Ó pa ẹnu dé pó. Ó ti pẹ́ jù.

Ọ̀tún ní, "Ìlú ti gbọ́. Ẹlẹ́rìí jẹ́rìí. Ẹṣin yè."

Ọba ní, "Ó dára. Ẹ wá bá mi mú ẹlẹ́rìí."

Nítorí pé ẹ̀rí rẹ̀ ló gba ẹṣin là, wọn kò pa Láwuyì. Ọba ní yóò máa fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ ru koríko láti etí odò wá fún Àwẹ̀ró, títí ẹ̀yìn gbogbo ọkùnrin ìlú yóò fi nà tán. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ wọn tètè nà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí Láwuyì lókèèrè, gbogbo wọn á tún tẹ̀ ba.

Ibi tí mo so àlọ́ mi mọ́ nìyẹn o. Bí mo bá fi irọ́ bọ́ ọ, kí ó tu okùn, kó tapá sí mi. Bí òótọ́ ni mo fi bọ́ ọ, kí ó dúró jẹ́ẹ́.

— Ó dúró jẹ́ẹ́!

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé a kì í rán ẹlòmíràn lọ gba ìgbẹ́kẹ̀lé wá fúnni. Ẹni tó bá fẹ́ kí a gbé òun, kó wá fúnra rẹ̀, kó fojú rẹ̀ hàn, kó sì sọ òótọ́. Ẹni tó bá sì ń fi ẹ̀yìn ẹlẹ́yìn ṣe ìjókòó, ẹ̀yìn òun náà ń bọ̀ wá ru ẹrù.

Ẹ dìde, ẹ lọ sùn. N ò ní pọn ẹnikẹ́ni.