Ẹ̀fọ́ Oníkókó Àwẹ̀ró

Ní abà Ìdí-Ọ̀mọ̀, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Òun àti Àkànní ọkọ rẹ̀ ń dáko lórí ilẹ̀ Baba Ọdẹ́níran, àgbàlagbà kan tí ń gbé ìlú. Lọ́dọọdún, bí iṣu bá ti ta, Baba á kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin agbo ilé rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n á wá gba ìṣákọ́lẹ̀. Baba á jókòó sórí ẹní, wọ́n á gbé oúnjẹ fún un, àwọn ọ̀dọ́ á máa di iṣu sínú igbá.

Àgbà kì í jẹun kó má ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú àwo fún àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n Baba Ọdẹ́níran kò mọ ohun tí ń jẹ́ wíwo ẹ̀yìn. Bó bá jẹun tán, á fi ìka nu àwo, á lá ìka náà, á tún yọjú wo inú àwo bóyá nǹkan ṣì kù. Ẹni tó ti ń di iṣu láti òwúrọ̀, tí yóò sì rù ú dé ìlú, kí ni kó jẹ? Afẹ́fẹ́? Kò sẹ́ni tó bi í.

Ní ti Àwẹ̀ró, ilẹ̀ etí odò ni ẹ̀mí rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ló ń tutù nígbà ẹ̀rùn, ohun tó bá gbìn síbẹ̀ ló sì ń bọ́ ilé rẹ̀ nígbà tí oko òkè bá gbẹ. Ní ọdún kan, obìnrin Tápà kan tó ń ta àlùbọ́sà kiri ṣàìsàn sí wọn lọ́wọ́. Àwẹ̀ró tọ́jú rẹ̀ títí ó fi dìde. Nígbà tí obìnrin náà ń lọ, ó tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó fún un ní irúgbìn wínníwínní, ó ní oúnjẹ ni. Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò pọ̀.

Irúgbìn náà hù létí odò. Ewé rẹ̀ nípọn, ó sì fẹ̀. Nígbà tó yá, igi rẹ̀ wú lókè ilẹ̀, ó rí róbótó, ewé sì yọ káàkiri ara kókó náà bí apá. Wọ́n bá ń pè é ní ẹ̀fọ́ oníkókó.

Ọmọ oníṣu ni Àwẹ̀ró. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá máa wú, abẹ́ ilẹ̀ ló yẹ kó ti wú. Ó gbẹ́ ilẹ̀ títí, gbòǹgbò tín-ín-rín ló bá. Ó ní kò tíì gbó nìyẹn, ó fi í sílẹ̀ kó tóbi. Nígbà tó tóbi tó agbè, ó gbé ọ̀bẹ lé e, ọ̀bẹ há. Igi ni! Ó mú èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, ó sè é bí iṣu, ó dà á sódó, ó gún un. Ó di omi.

Àkànní yọjú sínú odó. "Àwẹ̀ró, ṣé iyán nìyí ni àbí omi ìfọwọ́?"

"Ẹ bù ú, kí ẹ fi fọ ẹnu yín."

Ewúrẹ́ ló là á lójú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ já wọ etí odò, wọ́n jẹ àwọn kéékèèké, wọn kò sì fẹnu kan àwọn ńláńlá. Àwẹ̀ró lé wọn tán, ó dúró, ó ń rò ó. Ewúrẹ́ kì í kúkú jẹun nítorí ojú ayé. Ó já ọ̀kan tó tó ìkúùkù, ó bó èèpo rẹ̀ nù dáadáa títí ó fi kan funfun, ó gé e jẹ. Ó ró kàù lẹ́nu rẹ̀. Ó lómi, ó dùn, ó sì ta ẹnu díẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti mọ̀ ọ́n. Kì í jẹ́ kó ju ìkúùkù lọ. Bí ata, irú àti ẹja gbígbẹ bá ti jinná nínú epo, ìgbà yẹn ni á tó gé e wẹ́wẹ́ sí i, kó má baà rọ̀ jù. Á wá rẹ́ ewé rẹ̀ lé e. Àkànní tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ wá di ẹni tí ń jókòó ti ààrò kí wọ́n tó pè é.

Òkìkí dé ìlú. Baba Ọdẹ́níran ránṣẹ́ pé, "Ẹ̀yin lẹ ń gbin èpò Tápà sórí ilẹ̀ mi? Mò ń bọ̀ wá tọ́ ọ wò. Bí kì í bá ṣe oúnjẹ, ẹ kúrò létí odò. Mo ti rí ẹni tí yóò gbin kókò síbẹ̀."

Ara Àkànní kò balẹ̀. Àwẹ̀ró ní, "Ṣé Baba lẹ́nu? Bó bá ti lẹ́nu, kó máa bọ̀."

Nígbà tí Baba dé, Àwẹ̀ró já gbogbo èyí tó tó ìkúùkù, ó sè wọ́n, ó kún àwo ńlá kan bámúbámú, ó gbé e ti iyán. Ó kúnlẹ̀. "Baba, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín ni mo sè é fún o."

Baba bu òkèlè àkọ́kọ́, ó fajú ro. Ó bu ìkejì, ojú rẹ̀ tú ká. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbórí sókè mọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń di ẹrù, wọ́n ń gbé itọ́ mì. Nígbà tí Baba fi máa gùnfẹ̀, àwo ti ń dán.

Ó nu ẹnu. "Èpò ni. Kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ kúrò létí odò mi."

Àwọn ará abà ti pé jọ. Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó gbé àwo náà, ó gbé e lọ síwájú Àlàdé, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ọ̀dọ́ náà. "Àlàdé, bá mi dá a. Ṣé ó dùn àbí kò dùn?"

Àlàdé wo inú àwo. "Ìyá, àwo la rí, a ò rí ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí èpò tí wọ́n lá àwo rẹ̀ rí."

Ẹ̀rín bú sáyé. Inú bí Baba. "Ẹ gbẹ́rù, ká máa lọ!"

Àlàdé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Baba, ẹ má bínú. Ikùn tó yó ni kó bá orí sọ̀rọ̀ ẹrù." Ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gba ọ̀nà ìlú lọ lọ́wọ́ òfo.

Igbá ìṣákọ́lẹ̀ wà nílẹ̀ gbàràmù. Baba fa etí rẹ̀, kò mì. Àkànní fẹ́ lọ gbé e, Àwẹ̀ró di aṣọ rẹ̀ mú.

"Baba," ni Àwẹ̀ró wí, "a ó gbé e rù yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ tẹnu yín: ṣé ó dùn?"

Baba wọ̀tún, ó wòsì. "Ó dùn."

"Etí odò ńkọ́?"

"Tìrẹ ni. N kò ní gbà á. Gbogbo wọn ti gbọ́. Ẹ gbé e rù mí!"

Wọ́n gbé e rù ú. Ọ̀sán gangan ni Baba Ọdẹ́níran, àgbà ìlú, wọ ìlú pẹ̀lú igbá lórí, tí òógùn ń ro lágbọ̀n rẹ̀. Gbogbo ẹni tó pàdé rẹ̀ ló ń bi í pé, "Baba, àwọn ọmọ yín dà?"

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà, àní àwọn àgbà fúnra wọn, ti ń pa á lówe pé: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.