Mọ́tò Tí Kò Dé Lọ́jọ́bọ̀

"Bí o bá sún àtúnṣe, sún àtòpọ̀, èèyàn ń bẹ nídìí àtòpọ̀." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ rí, àmọ́ ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹ má wulẹ̀ máa wojú ara yín. Ẹnu Bàbá Láníyonu ló ti jáde, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fún àdín, níbi tí bàbá náà ti ń to ẹ̀rọ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú.

Ìyàwó Bàbá ti kú. Àṣàbí, ọmọ kan ṣoṣo tó ní láyé, ń lọ sí Kánádà lọ́jọ́bọ̀ kan. Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ fi iṣẹ́ Bàbá sí: àtúnṣe mọ́tò oníná tó ń yí ẹ̀rọ lọ́jọ́rú, àtòpọ̀ ẹ̀rọ lọ́jọ́bọ̀. Bàbá ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó sún un. Orí fóònù ló ti súre fún ọmọ rẹ̀, ó ní òun ò ní lè sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú.

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, ó to nọ́ọ̀tì àti bóòtù sórí àpò, ó jókòó tì wọ́n. Aago mẹ́jọ lù, mọ́tò ò dé. Aago mẹ́wàá lù. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà ti gbélé wọn, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Háà, ìdánìkanwà burú! Fóònù rẹ̀ dún.

"Bàbá mi, wọ́n ti ní ká máa wọlé sínú ọkọ̀. Ṣé iṣẹ́ yín ń lọ dáadáa?"

"Ó ń lọ, ọmọ mi. Olúwa á sìn ọ́ lọ."

Irọ́ ni! Àyè òfìfo tó yẹ kí mọ́tò wà ló ń wò.

Lọ́sàn-án, ó lọ bá Ìbídùn, akọ̀wé tó ń fi ọjọ́ iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ìbídùn wo ojú ẹ̀rọ, ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Bàbá, ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Oníwáyà tó ń tún inú mọ́tò wé ò rí wáyà rà, ni mo bá sún àtúnṣe sí ọjọ́ Ẹtì. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá kó sún àtòpọ̀ tó so mọ́ ọn pẹ̀lú, mo ní rárá. Mo rò pé màá padà wá sún un fúnra mi."

Bàbá ò pariwo. "Ìbídùn, ibo lórí kọ̀ǹpútà rẹ yìí ni wọ́n ti ń dá ọkọ̀ òfuurufú tó gbé ọmọ mi lọ lónìí padà?"

Ìbídùn bú sẹ́kún. Bàbá fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Bí o bá sún àtúnṣe, sún àtòpọ̀. Èèyàn ń bẹ nídìí àtòpọ̀, ọmọ mi."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó to ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́. Ó gbé fóònù láti sọ fún Àṣàbí, ó rántí pé òru ni lọ́hùn-ún, ó fi í sápò.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá yí àdéhùn padà, tí kò sì ránṣẹ́ sí ẹni tó ti fi nǹkan ńlá sílẹ̀ nítorí àdéhùn ọ̀hún, òwe yìí ni àwọn àgbà ń pa fún un. Wọn kì í fi ìbínú pa á o. Ohùn jẹ́jẹ́ tí Bàbá fi pa á náà ni wọ́n fi ń pa á.