Ihò Tó Wà Lókè Ẹní Àwẹ̀ró

Ní abúlé Aláparun, tọkọtaya kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Láwọyin àti Àwẹ̀ró. Àgbẹ̀ ni Láwọyin, bó bá ti sọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu, kì í yí i padà. Àwẹ̀ró kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti dì mú, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, Àbẹ̀ní ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ́wálé ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

Lọ́dún náà, ọ̀dá dá púpọ̀. Ìdì àgbàdo kan péré ló ṣẹ́ kù fún Láwọyin láti gbìn. Àwẹ̀ró so ó mọ́ igi òrùlé lókè ààrò, kí èéfín má jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ ọn. Bí ìdì yẹn bá bàjẹ́, ebi ti wọlé dé nìyẹn.

Nígbà ọyẹ́, Àwẹ̀ró ń pọnmi bọ̀ láti odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, eegun itan rẹ̀ sì kán. Oníṣègùn to eegun náà, ó fi ọparun dì í, ó ní: "Ẹ̀yìn nìkan ni kí o fi lélẹ̀. O kò gbọdọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, o kò sì gbọdọ̀ dojú bolẹ̀, títí n ó fi wá tú u." Wọ́n tẹ́ ẹní fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, níbi tó móoru.

Ìdùbúlẹ̀ yẹn kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Ní Aláparun, òkú ni wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ojú rẹ̀ máa wo òkè. Alààyè, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń sùn. Bí ọmọdé bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ìyá rẹ̀ á gbá a nídìí, á ní, "Dìde ńbẹ̀ yẹn, kí ikú má rò pé o ń pe òun!"

Kò pẹ́ ni Ọdẹ́wálé kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna, wọ́n bo ilé náà ní koríko tuntun. Àṣà wọn ni pé bí iṣẹ́ bá parí, bàbá ìyàwó á yí ilé ká, á sì yin iṣẹ́ náà létí gbogbo ènìyàn. Bó bá ti yìn ín, ó bùṣe. Àbùkù ńlá ni kí wọ́n tún pe àna padà sórí òrùlé. Láwọyin yí ilé ká, ó rí i bí koríko bẹẹrẹ náà ti ń dán, ó ní, "Ọdẹ́wálé, òjò á rọ̀ rọ̀ rọ̀, á sú u!" Wọ́n jẹ iyán, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró lajú lórí ẹní, ó rí ojú ọ̀run. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sápamọ́ sẹ́yìn ìdì àgbàdo, ní ibi tí koríko apá ọ̀tún àti tòsì ti yẹ kí ó pàdé.

"Baba Àbẹ̀ní, ihò wà lókè yìí."

Láwọyin dúró, ó gbójú sókè. Ìdì àgbàdo nìkan ló rí, èéfín sì ta á lójú. "Níbo?"

"Ẹ dùbúlẹ̀ síbi tí mo wà, ẹ ó rí i."

"Èmi! Kí n nà gbalaja bí òkú nínú ilé mi? Àwẹ̀ró, ìrora ló ń fi nǹkan hàn ọ́. Mo ti yìn ín."

Àbẹ̀ní kúnlẹ̀ tì í. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá bú iṣẹ́ wọn, wọn á ní ilé wa le. Ẹ má ba ìgbéyàwó mi jẹ́."

"N kò bú ẹnikẹ́ni," ni Àwẹ̀ró wí. "Ihò ni mo rí." Ojoojúmọ́ ló ń tún un sọ, kò pariwo, kò sì dákẹ́. Ó sì ń bẹ Ọlọ́run kí Ó rán ẹni tí yóò gbọ́ sí òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò àkọ́rọ̀ ṣú dẹ̀dẹ̀. Ọdẹ́wálé yà wá kí aláìsàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ẹ kú ìnira o, Ìyá."

"O ṣeun, ọkọ Àbẹ̀ní. Má tíì dìde. Bí o ti dojú bolẹ̀ fún mi yìí, bá mi yí i padà. Fẹ̀yìn lélẹ̀, kí orí rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi."

Àbẹ̀ní figbe ta. "Ìyá mi! Ọkọ mi kò tíì kú o!"

Ẹ̀rù ba Ọdẹ́wálé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú ìyá ìyàwó rẹ̀, kó ní òun kò ṣe? Ó yí padà.

"Kí lo rí?"

"Igi òrùlé, Ìyá."

"Wo ẹ̀yìn àgbàdo."

Ó ranjú mọ́ ọn. "Yéè! Ojú ọ̀run nìyẹn!"

Ìgbà náà gan-an ni Láwọyin sáré wọlé láti oko. Bó ti rí àwọn méjèèjì tí wọ́n nà sílẹ̀, ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo gbé o! Ta ló kọ́kọ́ kú nínú wọn?"

"A ò kú," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Òrùlé là ń wò. Àyè ṣì wà lórí ẹní."

Ọdẹ́wálé dìde. "Bàbá, àṣìṣe mi ni. Ẹ jẹ́ kí n gùn ún kí òjò tó dé."

"Ṣùgbọ́n mo ti yìn ín," ni Láwọyin wí.

"Ẹ yìn ín lóòótọ́," ni Àwẹ̀ró wí. "Ìyìn kò dí ihò."

Ọdẹ́wálé ti gbé koríko, ó ti gun òkè, ṣùgbọ́n láti orí òrùlé kò rí ihò kankan. Àwẹ̀ró ń pè é, atẹ́gùn ń gbé ohùn rẹ̀ lọ. Láwọyin wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àgbàdo. Ó bọ́ fìlà, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀.

"Ó ga o!" Ó fi ohùn àgbẹ̀ kígbe, "Ọ̀tún! Ọ̀tún tìrẹ, kì í ṣe tèmi! Dúró níbẹ̀!"

Ojú ọ̀run náà pa dé. Òjò sì dé, ó dà bí ẹni ń da omi láti inú àmù. Láwọyin kò dìde. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ títí òjò fi dá, ẹ̀kán omi kan kò sì kan àgbàdo náà.

Irúgbìn yẹn ló bọ́ ilé Láwọyin lọ́dún náà, òun ni wọ́n sì jẹ nígbà ìgbéyàwó Àbẹ̀ní. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá bo ilé tuntun ní Aláparun, bàbá ìyàwó kò jẹ́ yìn ín mọ́ àfi bó bá wọlé lọ nà sílẹ̀ ná. Ibẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pòwe pé: Ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ ló ń rí ihò òrùlé, ẹni tó wà lóde, koríko ló ń yìn.