Àwẹ̀ró Oníjìbìtì àti Sẹ̀gi Ìyálóde Ìsàlú

Kí Àwẹ̀ró tó di ẹni tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ní agboolé Ìyálóde Ìsàlú, jìbìtì ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò dá ẹnikẹ́ni lọ́nà rí. Ẹnu ni ohun èlò rẹ̀. Bí ó bá wọ ìlú kan, á wọ aṣọ tó dára, á máa rìn bí ẹni tí kò pọnmi rí láyé, á sì ní ọmọ ọba ìlú òkèèrè ni òun, ogun ló tú àwọn ká. Àánú rẹ̀ á ṣe àwọn ìyàwó ìjòyè, wọn á gbà á sílé. Tó bá di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, á sunkún díẹ̀, á tú àpò, á kó iyùn ìyá rẹ̀ jáde, á ní òun kò fẹ́ tà á, àmọ́ ebi kò mọ ọmọ ọba. Amọ̀ ni iyùn náà. Fúnra rẹ̀ ló mọ ọ́n, tó sun ún, tó sì fi osùn àti òróró pa á títí tó fi ń dán. Kí osùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lára rẹ̀, Àwẹ̀ró á ti kọjá odò mẹ́ta.

Ìsàlú ni ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Òjò kan tí ẹnikẹ́ni kò retí rọ̀ lójú agbo, osùn sì ṣàn wálẹ̀ lọ́rùn ìyàwó Ọ̀tún níṣojú gbogbo ìlú. Wọ́n so ìyókù amọ̀ náà mọ́ Àwẹ̀ró lọ́rùn, wọ́n ń mú un yí ìlú ká. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé Ẹfúnbọ̀wálé, Ìyálóde, olórí gbogbo obìnrin Ìsàlú, ó dá wọn dúró. Ó mú ìlẹ̀kẹ̀ kan, ó yí i lọ́wọ́ sọ́tùn-ún sósì.

Ó bi í pé, "Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí?"

"Kò sẹ́ni kankan, Ìyá. Èmi ni mo kọ́ ara mi."

Ìyálóde ní, "Ọwọ́ tó ṣe irọ́ tó dára báyìí, yóò lè ṣe òótọ́."

Ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọba. Ọba fi í fún un, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ níṣojú àwọn ìjòyè pé ọjọ́ tí jìbìtì tàbí olè bá tún kan orúkọ obìnrin náà, àwọn yóò tà á lẹ́rú.

Ọdún mọ́kànlá kọjá. Àwẹ̀ró ń sín ìlẹ̀kẹ̀ fún ààfin àti fún àwọn ìjòyè, kò sì sí ẹni tó rí àbùkù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá ń kọjá lọ, àwọn obìnrin olówó a máa fọwọ́ kan ọrùn wọn láì mọ̀ pé àwọn ṣe bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ró a máa rí i. 

Ní ọdún kejìlá ni àlejò pàtàkì kan wọ Ìsàlú nígbà ọdún ọba. Ó ní Adérógbà ni orúkọ òun, ọmọ ọba ìlú kan tó jìnnà sápá àríwá. Ó dúdú, ó ga, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì mọ bí a ti ń kí àgbà. Ilé Ọ̀tún ni wọ́n fi í wọ̀ sí, nítorí òun ni ilé tó gbòòrò jù lẹ́yìn ààfin. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ìjòyè tí kò tíì pè é jẹun. Ọba fúnra rẹ̀ di igbá ńlá kan fún un, obì àbàtà ló kún inú rẹ̀, ó fi aṣọ funfun wé e, ó ní kó gbé e fún bàbá rẹ̀ nígbà tó bá ń padà lọ.

Ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi olówó iyebíye kan wà ní Ìsàlú tí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìyálóde tó bá wà lórí oyè ló ń tọ́jú rẹ̀, òun náà ló sì ń fi í sọ́rùn kí ọba ní ọjọ́ tí ọdún bá parí. Ìyálóde tí ó bá sọ ọ́ nù ti sọ oyè nù. Ní ọjọ́ keje ọdún, lẹ́yìn òjò àárọ̀, Ẹfúnbọ̀wálé lọ sí ààfin. Àwẹ̀ró lọ ra òwú lọ́jà. Nígbà tí Ìyálóde padà dé, àpótí wà ní ṣíṣí, sẹ̀gi kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Wọ́n rí ipa ẹsẹ̀ lẹ́yìn ògiri ilé. Ó la inú ẹrẹ̀ kọjá tààrà títí dé ìdí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú. Ibẹ̀ ló parí sí, nítorí àpáta kì í gba ẹsẹ̀. Ọdẹ́jìnmí, olórí ọdẹ, kó àwọn ọmọ ọdẹ gun àpáta náà, wọ́n sọ̀ sí òdìkejì, wọ́n sì tú inú igbó fún odindi ọjọ́ kan. Wọn kò rí nǹkan kan.

Ọmọba Adérógbà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá bá Ìyálóde kẹ́dùn. Ó jókòó tì í, ó mirí, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí mi o. Mo gbọ́ pé ẹnì kan wà nílé yín tó ti fi ìlẹ̀kẹ̀ lu ènìyàn ní jìbìtì rí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìlú ti ń sọ ọ́.

Ọba ránṣẹ́ pe Àwẹ̀ró. Ó ní, "O rántí ohun tí mo sọ?"

"Mo rántí, Kábíyèsí."

"Kí lo fẹ́ sọ?"

Àwẹ̀ró dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ìbẹ̀rù ti gba ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "N kò mú un, Kábíyèsí. Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ara mi rí ẹsẹ̀ náà."

Àwọn ìjòyè kan rẹ́rìn-ín. Ọba fún un di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, ó sì ní kí Ọdẹ́jìnmí bá a lọ, kó má baà sá.

Ẹrẹ̀ ti gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni náà fi aṣọ di ẹsẹ̀, a kò lè mọ ọmọ ìka rẹ̀. Àwẹ̀ró rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ògiri dé ìdí àpáta, ó tún padà.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹnì kan ti lé yín rí nínú ẹrẹ̀?"

Ọdẹ́jìnmí ní, "Èmi ni mo máa ń lé nǹkan."

"Wọ́n ti lé èmi rí. Ẹni tó bá ń sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ̀, á ṣubú, á fọwọ́ tilẹ̀. Ẹni yìí kò yọ̀ rárá. Ńṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹ lè rí i."

Ọdẹ náà wo ilẹ̀. 

Àwẹ̀ró ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, mo mú ẹ̀gbà ọwọ́ obìnrin tó gbà mí sílé. Mo ju gèlè àjèjì kan sétí odò, kí wọ́n lè rò pé olè ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Ilé obìnrin náà ni mo padà sí. Èmi àti ẹ̀ la jọ jókòó tí a ń gbé olè ṣépè. Bàbá, ẹni tó fi ọ̀nà tó gbà hàn yín, kò gba ibẹ̀ lọ."

Wọ́n gun àpáta. Àwẹ̀ró kò wo ìdí igbó tí àwọn ọdẹ wò. Ó dúró níbi tí ará ìlú kò ti lè rí i mọ́, ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ìbá ṣe. Òun ìbá fọ ẹsẹ̀. Kòtò omi òjò kan wà nítòsí, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbé òkúta kan kúrò nísàlẹ̀, ó sì fa àkísà méjì jáde tí ẹrẹ̀ kún ara wọn. Ọdẹ́jìnmí fọwọ́ bo ẹnu. Láti ibi kòtò náà, àpáta tẹ́ lọ láìsí ẹrẹ̀, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo. Ẹ̀yìnkùlé Ọ̀tún ni.

Nígbà tí wọ́n padà dé ààfin, ìdágbére ni wọ́n bá lọ́wọ́. Ọmọba Adérógbà wà níwájú ọba, ẹrù rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọdẹ́jìnmí gbé àkísà kalẹ̀, ó sì ròyìn ohun tó rí. Àwọn ará ilé Ọ̀tún dìde, wọ́n ń bínú. Àlejò náà ò tilẹ̀ yí ojú padà. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ ní kí wọ́n tú ẹrù mi." Wọ́n tú u. Kò sí sẹ̀gi níbẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ kò tíì tú gbogbo rẹ̀, Kábíyèsí. Igbá obì kù."

Ariwo sọ. Ta ní í tú ẹ̀bùn tí ọba ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì? Bí a bá tú u tí a kò bá nǹkan kan, ọba ti tàbùkù ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọba kò fọwọ́ kan igbá náà. Ìyálóde dìde, ó ṣí ìborí oyè kúrò lórí, ó gbé e sílẹ̀ níwájú ìtẹ́.

Ó ní, "Kádé pẹ́ lórí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dá èyí padà fún mi, kí ẹ sì ta èmi àti Àwẹ̀ró pọ̀."

Ọba tú aṣọ funfun náà fúnra rẹ̀. Ó kó obì kúrò, ó ṣí ewé tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Sẹ̀gi náà wà nísàlẹ̀, ó ká jọ bí ejò tó ń sùn. Adérógbà yíjú sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọdẹ ti dúró síbẹ̀.

Ọba bi Àwẹ̀ró pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Oníbodè á tú ẹrù gbogbo èèyàn, Kábíyèsí. Kò jẹ́ tú tiyín." Ó fọwọ́ tọ́ka sí igbá náà. "Ibẹ̀ lèmi náà ìbá fi í sí."

 Ọdẹ́jìnmí ló wá mirí, ó ní ogójì ọdún ni òun ti fi ń tọ ipasẹ̀ ẹran, òun sì dúró lórí àpáta yẹn láì rí nǹkan kan. Ó wá sọ gbólóhùn kan lé e. Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín, ọba pàápàá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń tún un sọ fún ara wọn bí wọ́n ti ń jáde.

Lójú ọ̀nà, Ìyálóde rí i pé Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n yìn ọ́ ni. Ṣé ọ̀rọ̀ náà dùn ọ́?"

Àwẹ̀ró ní, "Òótọ́ ni, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n pe olè nínú rẹ̀, ọ̀kan sì jẹ́ tèmi."

Ìyálóde di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi délé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti bọ́ lẹ́nu ọdẹ kò padà mọ́. Ó kúrò ní Ìsàlú, ó dé ìlú tí kò mọ Àwẹ̀ró, ó sì di ohun tí àwọn àgbà wa ń pa lówe títí dòní, pé olè ní ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta.