Ọ̀wẹ̀ Ọba Ìgbójàyè
Ọba Ìgbójàyè ka ọgbọ̀n àgbẹ̀ àti ogún ọdẹ nílùú, ó ní kí Ọdẹ́mùyìwá, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà, kó àádọ́ta ọkùnrin wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún òun. Bí wọn kò bá pé, òun yóò gba ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó: ìdajì àwọn ọdẹ náà ló tún ń dáko, nítorí náà ogójì ọkùnrin péré, òun náà nínú wọn, ni Ọdẹ́mùyìwá rí kó wá. "Mẹ́wàá yòókù ńkọ́?" ni ọba jágbe. "Kábíyèsí, wọ́n pé. Mẹ́wàá nínú wa jẹ́ àgbẹ̀, wọ́n tún jẹ́ ọdẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kà wọ́n." Ọdẹ́mùyìwá kọjú sí àwọn mẹ́wàá náà níbi iyán tí ọba pèsè fún àwọn tó wá ṣe ọ̀wẹ̀: "Ó yá, ẹ gba iyán abọ́ méjì-méjì, ti àgbẹ̀ àti ti ọdẹ." Ọba fò dìde: "Ẹ gbé e sílẹ̀! Ṣé ẹnì kan lè jẹ́ ènìyàn méjì ni?" Ọdẹ́mùyìwá dọ̀bálẹ̀: "Rárá o, Kábíyèsí. Mélòó wá ni wá?" Ọba wo abọ́ iyán, ó mí kanlẹ̀: "Ogójì ni yín. Ẹ ti pé."