Ọkọ̀ Tí Pẹ́pẹ́yẹ Kàn Sínú Yàrá

Ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò, kí èmi náà ráyè na tèmi. Ẹni tó bá sùn kí n tó sọ̀rọ̀ tán, òun ni yóò pọnmi láàárọ̀ ọ̀la.

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹja ṣì máa ń kí èèyàn lọ́nà odò, Pẹ́pẹ́yẹ kò rí bí ẹ ṣe ń rí i lónìí rárá. Ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bíi ti adìyẹ. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé bó bá sín nílé, àwọn ará ọjà ni yóò dáhùn pé, "Pẹ̀lẹ́ o!" Omi nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Bó bá fẹ́ wẹ̀, ojú ni yóò bọ́, á ní ó ti tó, ara òun kì í dọ̀tí.

Pẹ́pẹ́yẹ ní oko àgbàdo kan tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n òdìkejì odò ni oko náà wà. Ọ̀nì nìkan ló sì ní ọkọ̀ ojú omi nígbà náà. Ọ̀nì yìí, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí oníkálukú bá ní ló ń gbà. Lọ́wọ́ ẹni tó ń yé, ẹyin ni. Ẹyin kan ní àlọ, ẹyin kan ní àbọ̀. Bí Pẹ́pẹ́yẹ ti ń yé e ni Ọ̀nì ń gbé e mì, kì í tilẹ̀ fi iyọ̀ sí i.

Bí Pẹ́pẹ́yẹ kò ṣe rí ọmọ kankan pa nìyẹn. Gbogbo abìyẹ́ inú ìlú ni wọ́n ń pè ní Ìyá Lágbájá, Ìyá Tàmẹ̀dò. Adìyẹ, tí òun àti Pẹ́pẹ́yẹ jọ ń gbé inú ilé kan náà, Ìyá Ṣíjúadé ni wọ́n ń pè é. Pẹ́pẹ́yẹ nìkan ni wọ́n ń pè ní Pẹ́pẹ́yẹ lásán. Bí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ, tí wọ́n bá ní kí àwọn ìyá ọlọ́mọ jókòó, Pẹ́pẹ́yẹ ni wọn yóò rán pé kó lọ wo iná. Ó ń dùn ún. Ó ń dùn ún wọ eegun.

Lọ́jọ́ kan, ó bá Ọ̀nì létí odò.

"Bàbá Ọlọ́kọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n máa fi àgbàdo san owó ọkọ̀. Èmi náà fẹ́ ní ọmọ."

"Àgbàdo máa ń há mi léyín," Ọ̀nì dáhùn. "Àbí èmi ni mo ní kí ìyá rẹ lọ dáko sí òdìkejì odò?"

"Kò burú. N ó kan ọkọ̀ tèmi."

Ọ̀nì rẹ́rìn-ín títí ìrù rẹ̀ fi ń lu omi. "Ìwọ tí omi ìbọ́jú ń bà lẹ́rù? Kàn án o! Tí o bá kàn án tán, wá pè mí kí n wá bá ọ yọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ká Pẹ́pẹ́yẹ lára. Ó gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Àkókó lọ tààrà. Àkókó ni gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú.

"Wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi," Àkókó sọ fún un. "Wàá kọ́kọ́ máa gbálẹ̀. Tó bá yá, wàá máa gbé pákó. Tó bá tún yá, n ó fún ọ ní òòlù."

"Gbálẹ̀ kẹ̀! Kí ló wà nídìí ọkọ̀ kíkàn? Pákó ni, ìṣó ni. Mo ti dúró lẹ́yìn ọgbà rẹ láàárọ̀ yìí, mo ti rí gbogbo bí o ṣe ń ṣe é."

"Àga ni mò ń kàn láàárọ̀ yìí."

"Ọ̀kan náà ni."

Àkókó wò ó, ó mi orí. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí lẹ́nu mi: etí odò ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀."

"Kí àwọn ọ̀tá lè rí i? Háà, ayé le! Ohun tí èèyàn bá dáwọ́ lé, tí kò bá tíì parí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ sí i."

Àwọn ọ̀tá wo? Èmi tí mò ń sọ̀tàn yìí kò mọ̀ wọ́n. Pẹ́pẹ́yẹ náà kò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé wọ́n pọ̀.

Ó kó pákó wọ yàrá, ó ta aṣọ bo fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kò ní òòlù, ẹnu rẹ̀ ló fi ń gbá ìṣó wọlé, gbà, gbà, gbà. Níbi tí pákó kò bá ti pàdé, kò sì síbi tí wọ́n ti pàdé, ó ń rẹ òwú sínú oje igi, ó ń fi ẹsẹ̀ kì í bọ ojú ihò. Oje náà ń dì mọ́ ọn láàárín ọmọ ìka, ó sì ń ta sí i ní gbogbo ìyẹ́. Ẹnu rẹ̀ tó ṣóńṣó ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò bìkítà. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sì ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo àsìkò náà, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ níta.

Adìyẹ wá kan ilẹ̀kùn. "Pẹ́pẹ́yẹ, kí ló ń dún gbà, gbà, gbà nínú yàrá rẹ?"

"Orí ló ń fọ́ mi," Pẹ́pẹ́yẹ dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Orí fífọ́ wo ló ń dún bí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà?"

"Ó le ni."

Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò dé oko, Ọ̀nì kò sì rí ẹyin gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ẹyin tó ń yé, inú igbá kan tó tẹ́ koríko sí ló ń kó wọn sí. Bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, á jókòó lé wọn, á máa sàba. Á ní, "Kò sẹ́ni tí yóò jẹ yín. Ọkọ̀ ìyá yín la ó fi sọdá, oko ìyá yín la ó máa gbé." Oúnjẹ ilé ń tán lọ, ebi ń pa á, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn.

Ọkọ̀ náà parí. Ó wọ́ díẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ ga ju tòsì lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni. Pẹ́pẹ́yẹ dúró, ó wò ó, inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún. Ó wá ṣílẹ̀kùn, ó fà á lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Imú ọkọ̀ jáde. Ikùn rẹ̀ há. Ó fi ẹ̀gbẹ́ tì í, ó há. Ó gbé e nàró, ó kan àjà. Ó dojú rẹ̀ dé, ó há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà náà ni Pẹ́pẹ́yẹ jókòó sílẹ̀, tó ká ìyẹ́ lérí.

Adìyẹ dé, ó bá imú ọkọ̀ pàdé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Yéè! Pẹ́pẹ́yẹ! Kí nìyí? Ta lò ń fi èyí pamọ́ fún?"

"Àwọn ọ̀tá ni."

"Èmi náà wà níbẹ̀?"

"Mi ò tíì parí ìwádìí," Pẹ́pẹ́yẹ dáhùn. "Ìyá Ṣíjúadé, jọ̀ọ́, jẹ́ ká wó ògiri yìí."

"Ògiri tí àwọn ọmọ mi ń sùn lẹ́yìn rẹ̀? Ilé tí àwọn bàbá wa kọ́? Nítorí pákó? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ni wọ́n bá lọ pe Àkókó. Àkókó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó di ògiri mú. Lẹ́yìn náà, àánú ṣe é. Ó gé ọkọ̀ náà sí méjì láàárín, wọ́n gbé e jáde ní ìdajì ìdajì, wọ́n sì fi oje púpọ̀ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ létí odò.

"Jẹ́ kó gbẹ o," Àkókó kìlọ̀. "Tí kò bá tíì gbẹ, ọpọ́n méjì lo ní, o ò tíì ní ọkọ̀."

Pẹ́pẹ́yẹ ìbá dúró. Ṣùgbọ́n Ọ̀nì ti rí igbá ẹyin tó gbé wá sétí odò. Ó wọ́ jáde nínú omi, ó ń fi ahọ́n lá ètè.

"Ẹyin mi nìyẹn," ó ní. "Owó ọkọ̀ gbogbo ọjọ́ tí o kò wọkọ̀."

"Mi ò wọkọ̀, kí ni mo fẹ́ san?"

"Mo gbé ọkọ̀ dúró, mò ń retí rẹ. Ìrètí náà, iṣẹ́ ni. Kó wọn wá."

Nígbà náà gan-an ni Pẹ́pẹ́yẹ gbọ́ ohùn kan, ìn-ín, ìn-ín, láti inú èèpo ẹyin. Kò tún rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé igbá jù sínú ọkọ̀, ó ti ọkọ̀ sómi, ó sì fò wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú oje tútù àti gbogbo rẹ̀.

Gbogbo ìlú ti yọ sétí odò. Ọkọ̀ náà lọ! Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́! Àkókó pàápàá ń patẹ́wọ́. Ó dé àárín odò, oje bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ọkọ̀ pín sí méjì. Pẹ́pẹ́yẹ fẹsẹ̀ kan tẹ ìdajì iwájú, ó fi èkejì tẹ ìdajì ẹ̀yìn, ọkọ̀ ń ya sọ́tùn-ún, ó ń ya sósì, òun náà ń ya láàárín bí ìdí ṣòkòtò tó ti gbó. Igbá ẹyin já bọ́ sómi, ó ń léfòó lọ.

Ọ̀nì ti wà níwájú. Ọ̀lẹ ni, kì í lé ohun tó mọ̀ pé yóò wá bá òun. Ó kàn ya ẹnu kalẹ̀, ó ní, "Ẹ máa bọ̀ o."

Pẹ́pẹ́yẹ wo omi. Ẹ̀rù bà á dé ìdí. Ó wo igbá. Ó sì bẹ́ sómi, jàbú!

Gbogbo ìlú ké pé ó ti tán. Kò tán o! Oje tó ti dì mọ́ àárín ọmọ ìka rẹ̀ di àjẹ̀, ó ń wa omi. Oje ara ìyẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí omi ràn án. Ó bá igbá, ó fi ẹnu pẹrẹsẹ náà tì í, tì í, ó gba ẹ̀gbẹ́ eyín Ọ̀nì kọjá, ó gúnlẹ̀ sí etí oko rẹ̀. Kí ó tó mí, ẹyin àkọ́kọ́ là. Ọmọ náà yọjú, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo odò, ó sì bọ́ sómi láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Adìyẹ ké láti òdìkejì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀: "Ìyá Omítógùn o! Ìyá Omítógùn, ẹ kú ewu ọmọ o!"

Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó pe Pẹ́pẹ́yẹ ní ìyá. Pẹ́pẹ́yẹ la ẹnu láti dá a lóhùn, ṣùgbọ́n "hàà, hàà" nìkan ló jáde. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́ ti gba ohùn rẹ̀ lọ. Ó wá ń mi ìrù, ó ń mi ìrù, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu Pẹ́pẹ́yẹ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, tí omi kì í ràn án, tó sì ń yasẹ̀ rìn bí ẹni tó ṣì wà lórí ìdajì ọkọ̀ méjì. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti san owó ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà náà ni Ọ̀nì ti ń sùn létí odò, tó ya ẹnu kalẹ̀ nínú oòrùn. Ẹyin ló ń retí. Bí ẹ bá rí i, ẹ má sún mọ́ ọn láti sọ fún un pé kò sí.