Gbàǹjo Ìkòkò Ìyá Àríkẹ́

Àríkẹ́ aláró kò fẹ́ ohun mìíràn láyé yìí bí ìkòkò aró ìyá rẹ̀. Ìyá yìí ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n, àmì àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì wà létí ìkòkò náà. Nígbà tí ìyá kú, kí Àríkẹ́ tó ti ilé ọkọ dé, àwọn ẹbí ti kó ẹrù òkú tà fún Akínbọ̀dé oníṣòwò. Àríkẹ́ sunkún títí. Nígbà tó gbọ́ pé Akínbọ̀dé fẹ́ lu ìkòkò náà ní gbàǹjo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ẹyọ sínú igbá.

Akínbọ̀dé ní àna kan, Fádèyí, tó lè sín ẹnikẹ́ni jẹ. Bó bá ké bí ewúrẹ́, òbúkọ á dáhùn.

Ní ìlú wọn, ẹ̀yìn ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ ni àwọn tó ń dá iye lé ọjà gbàǹjo máa ń dúró sí, kálukú ní àyè tirẹ̀, kí tálákà má bàa bẹ̀rù olówó. Ohùn nìkan ni ará ọjà ń gbọ́.

“Ẹgbàá!” ni Àríkẹ́ ké.

“Ẹgbàajì, ọmọ mi,” ni ohùn ìyá arúgbó kan dáhùn.

“Ẹgbàata!” ni Àríkẹ́ tún ké.

“Ẹ-ẹ-ẹgbàarin!” ni akólòlò kan wí.

Àríkẹ́ wo igbá rẹ̀. Owó inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó mọ́. Ó la ẹnu láti fi kún un, ó tún pa á dé. Kí ló dé tó jẹ́ òun nìkan ni àwọn méjèèjì ń lé? Arúgbó kò bá akólòlò du ọjà rárá!

Èèwọ̀ ni kéèyàn dárúkọ ara rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ìkíni ṣe èèwọ̀? Ta ló sì ń gbọ́ ìkíni tí kò ní í jẹ́ ẹ?

“Ìyá àgbà, ẹ kú ìdúró o! Ẹ ṣàdúrà fún mi, mò ń wá ọmọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi ṣe àṣẹ sí i.”

Ará ọjà ń retí.

“O ó bímọ,” ni arúgbó wí.

“À-à-àṣẹ!”

“O ó rówó ná.”

“À-à-àṣẹ!”

“Ìyá, ẹ yára díẹ̀!” ni Àríkẹ́ wí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀!”

“O ó dàgbà, à-à… o ó… Yéè! Ẹnu mi o!”

Wọ́n ya ọgbà. Yàtọ̀ sí Àríkẹ́, Fádèyí nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́nu rẹ̀. Orógbó ló ń fi yí ohùn padà: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún fún arúgbó, tòsì fún akólòlò. Níbi tó ti ń sáré yí i kiri, ó bu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ jẹ.

“Akínbọ̀dé,” ni Baálé ìlú, tó ń bójú tó gbàǹjo náà, wí, “ṣé arúgbó rẹ nìyí?”

“Ẹ dárí jì mí, Baba.”

“Iye tí obìnrin yìí kọ́kọ́ dá náà ni yóò fi gbé e.”

Àríkẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé orí àmì ti ìyá rẹ̀ létí ìkòkò. Ó bá a mu rẹ́gí. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì bu omi oníyọ̀ lọ bá Fádèyí.

“Ìyá àgbà, ẹ fi ṣan ẹnu. Àdúrà yín ti ń gbà.”

Fádèyí gba omi náà. Ẹnu ló purọ́, ètè ló gbé e jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló wú bí àkàrà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.